Tábúlẹ́ẹ̀tì àti Áàpù Nínú Ìtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ ní Ilé-Ìwé

Irú ọmọ mẹ́ta ló sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Èkíní ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ìró kan tàbí méjì kò tíì gún lẹ́nu rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sín in jẹ. Èkejì ń pe gbogbo ìró bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tó o lò: kò lè to gbólóhùn gígùn, kò sì lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kó yéni. Ẹ̀kẹta kò sọ̀rọ̀ rárá, tàbí kó jẹ́ pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ní, ìyá rẹ̀ nìkan ló lè túmọ̀ rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì wúlò fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ pátápátá. Fún ọmọ kìíní, ohun ìfidánrawò ni. Fún èkejì, ohun tó ń mú kó rí nǹkan sọ ni. Fún ẹ̀kẹta, ẹnu rẹ̀ gan-an ni. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò ra áàpù tí kò bá ọmọ mu, ó sì lè gba tábúlẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́wọ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí áàpù lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Kí Apple tó gbé iPad jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ fọhùn jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn nìkan, owó rẹ̀ sì ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ilé-iṣẹ́ AssistiveWare ní ìlú Amsterdam ti ṣe áàpù Proloquo2Go, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, fún iPhone àti iPod touch ní 2009. Nígbà tí iPad dé pẹ̀lú ojú tó fẹ̀, áàpù náà àti àwọn tó jọ ọ́ wọ kíláàsì. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un: láti ìgbà tí wọ́n ti tún IDEA, òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, ṣe ní 1997, àwọn tó ń kọ ètò ẹ̀kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò bóyá ọmọ náà nílò ẹ̀rọ ìrànwọ́, bí wọ́n bá sì rí i pé ó nílò rẹ̀ nílé pẹ̀lú, ilé-ìwé ní láti jẹ́ kó máa gbé e relé. Ní Nàìjíríà, òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, olùkọ́ àti òbí ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe, ìdí nìyẹn tí àpilẹ̀kọ yìí fi kan àwọn náà.

Áàpù pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nínú ìwádìí tí Lisa Furlong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n wá áàpù tó lè wúlò fún ọmọdé tí ìró kò gún lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ. 132 péré ló kù lẹ́yìn tí wọ́n yọ àwọn tí kò bá iṣẹ́ náà mu kúrò. Nítorí náà, orúkọ tí wọ́n kọ sára áàpù kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun.

Ìwádìí méjì yẹ kó wà lọ́kàn olùkọ́ kó tó náwó. Èkíní ni èyí tí Sharynne McLeod ṣáájú ní Ọsirélíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017. Ọmọ 123 tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀: àwọn kan ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń kọ́ni ní ìró lábẹ́ àbójútó olùkọ́ wọn, àwọn yòókù ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ bó ṣe wà. Àwọn méjèèjì tẹ̀ síwájú, kò sì sí ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí láàárín wọn. Èkejì wá láti Portugal, níbi tí Luis Jesus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pín ọmọ 22 sí ọ̀nà méjì nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019: ọ̀wọ́ kan fi káàdì orí tábìlì ṣiṣẹ́, ọ̀wọ́ kejì fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe irú iṣẹ́ kan náà, olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sì jókòó ti àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn gún sí i, tábúlẹ́ẹ̀tì kò ju káàdì lọ, káàdì kò sì ju tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Bí a bá gbé méjèèjì síra, ohun tó hàn ni pé ẹni tó jókòó ti ọmọ ló ń ṣe ìtọ́jú. Ó gbọ́ ìró tó ṣì, ó mọ ìgbà tó yẹ kó tún un ṣe àti ìgbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀. Àǹfààní tábúlẹ́ẹ̀tì ni pé ó gba àwòrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí olùkọ́ gbé e fún ọmọ kó sì jókòó sídìí ìwé tó ń máàkì, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú.

Bí a ṣe ń yan áàpù

Ohun tó yẹ kí a fi wọn áàpù ìró ni iye ìgbà tí ẹnu ọmọ ṣí. Ní 2011, Denise Edeal àti Christina Gildersleeve-Neumann tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ọmọ méjì tí ọpọlọ wọn kì í tètè rí ọ̀nà darí ẹnu. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá pe ọ̀rọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ ní ìjókòó kan, wọ́n ń yára mọ̀ ọ́n ju ìgbà tí wọ́n bá pè é ní ọgbọ̀n sí ogójì ìgbà lọ. Ọmọ méjì kò pọ̀, ṣùgbọ́n àbájáde náà bá ohun tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń rí mu. Kí olùkọ́ tó fi áàpù kan ṣiṣẹ́, kó pe ọmọ kan, kó fi aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó sì máa ka iye ìgbà tí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rọ̀. Áàpù tó ń jó, tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń da ìràwọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè jẹ ìdajì àkókò náà. Bí káàdì bébà bá mú ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún tí áàpù sì mú un sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, káàdì ló dára jù, iye yòówù kí wọ́n ta áàpù náà.

Ohun kejì tí ó ṣe pàtàkì ni bóyá olùkọ́ lè yí inú rẹ̀ padà: kó fi fọ́tò tirẹ̀ sí i, kó fi ohùn tirẹ̀ sí i, kó pa orin àti ariwo rẹ̀. Áàpù tí kò gba ìyípadà yóò máa kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní orúkọ ẹranko tí kò rí rí. Ó sì yẹ kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má ní ìpolówó, kó má sì ní bọ́tìnnì tí ọmọ lè tẹ̀ tí owó yóò fi kúrò ní báńkì ẹlòmíràn. Áàpù ọ̀fẹ́ tó wúlò wà. Cboard, bí àpẹẹrẹ, ń jẹ́ kí a fi ohùn tí a gbà sílẹ̀ fúnra wa sí abẹ́ àwòrán. Ìjọba agbègbè Aragón ní Sípéènì náà ń pín àwòrán ARASAAC, tí ó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò bá fi ṣòwò. Ohun tó wá pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ìyẹn kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, wúlò ju ìdajì àwọn áàpù tí wọ́n ń tà lọ.

Ìró Yorùbá lórí ẹ̀rọ òyìnbó

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ áàpù ìró ń kọ́ni. Wọ́n ní àwòrán fún v, fún z àti fún th, tí Yorùbá kò ní. Wọn kò ní nǹkan kan fún gb, fún p bí Yorùbá ṣe ń pè é, tàbí fún fáwẹ́ẹ̀lì aránmúpè. Láti ibí ni àṣìṣe ńlá méjì ti ń wá. Èkíní ni pé ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston lè fìdí rẹmi nínú ìdánwò tó wà nínú áàpù torí pé ó fi t pe th, bẹ́ẹ̀ èdè ilé rẹ̀ ló ń sọ lórí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ASHA, sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè tàbí ohùn ilé kì í ṣe àbùkù ọ̀rọ̀. Èkejì ni pé ọmọ tó ní ìṣòro gidi pẹ̀lú gb lè yege nínú áàpù náà, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀.

Kó tó di pé olùkọ́ pinnu pé ìró kan ṣì, kó kọ́kọ́ gbọ́ bí àwọn ará ilé ọmọ náà ṣe ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ń fi s pe ṣ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì sì ń sọ pé ulé níbi tí àwọn mìíràn ti ń sọ pé ilé. Bí ìyá bá ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí bàbá ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ kò ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ó gbọ́ èdè ilé rẹ̀ dáadáa ni.

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ méjì tí ìró kan péré yà sọ́tọ̀ rọrùn láti rí, wọ́n sì ṣeé yà ní fọ́tò. Gbọ́ àti bọ́: ọmọ tó nawọ́ sí etí, àti ọmọ tó ń bọ́ bàtà. Ra igi àti la igi: ẹni tó ń san owó fún onígi, àti ẹni tó gbé àáké sókè. Ó ń sá àti ó ń ṣá. Bí ọmọ bá sọ pé òun ń la igi nígbà tó fẹ́ sọ pé òun ń rà á, àwòrán tí ẹnìkejì rẹ̀ máa tẹ̀ ni ti aláàáké, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì rí i pé ọ̀rọ̀ òun gba ibòmíràn lọ. Kò sí ìràwọ̀ tàbí àtẹ́wọ́ tó lágbára tó ìyẹn.

Ti ohùn náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: fọ́tò mẹ́ta, ohùn mẹ́ta, àmọ́ ohùn ẹ̀rọ òyìnbó yóò pe gbogbo wọn bákan náà. Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí a gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi dò, re, mí kùn ún lẹ́nu, kí ọmọ kùn ún tẹ̀lé e, kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ wá ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ti olùkọ́ àti tirẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, iye ìgbà tó bá fẹ́.

Ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta

Ní ilé-ìwé, ọmọ kì í sábà dá wá. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wọlé pọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì kan ló sì wà. Ká sọ pé ọmọ kíláàsì kejì mẹ́ta ni, gb ni iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ ti ya fọ́tò nǹkan mẹ́wàá ní àyíká ilé-ìwé náà: ìgbálẹ̀ kíláàsì, igbá ìyá alákàrà, agbọ̀n, àgbàdo tó wà lẹ́yìn ọgbà, ìgbín tí wọ́n rí lẹ́yìn òjò. Ìgbálẹ̀ tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀ láàárọ̀ yóò mú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ ju ìgbálẹ̀ tí wọ́n yà ní Kalifọ́níà lọ.

Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, kámẹ́rà iwájú tábúlẹ́ẹ̀tì di dígí. Ètè ní láti pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n sì ní láti gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ ń rí ti ètè nínú dígí, ti ẹ̀yìn ahọ́n ni olùkọ́ ní láti fi ọwọ́ júwe lábẹ́ àgbọ̀n wọn. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan sọ̀rọ̀ láìfi àwòrán rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, ọ̀kan gbọ́ ó sì tẹ àwòrán tó rò pé ó jẹ́, ẹ̀kẹta ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ka iye. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá, wọ́n pààrọ̀ ipò. Ẹni tó ń gbọ́ kò sinmi o: ọmọ tí kò lè dá gb mọ̀ sí b létí ara rẹ̀ kò tíì lè mú un dúró lẹ́nu, nítorí náà iṣẹ́ ni gbígbọ́ pẹ̀lú. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú ọmọ, àfi bí ọmọ bá ti há. Ọmọ tó bá ń gbọ́ àpẹẹrẹ nígbà gbogbo yóò máa tún un sọ ni, kò ní dá a rántí.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n pa tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ gidi jáde, wọ́n ń rán ara wọn níṣẹ́: gbé agbọ̀n wá, gba igbá, gbá ibí yìí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fo apá yìí torí pé aago ti fẹ́ lù. Ó sàn kí wọ́n gé apá tábúlẹ́ẹ̀tì kúrú ju kí wọ́n fò ó lọ, nítorí ìró tó gún lójú ẹ̀rọ nìkan kò tíì wọ ẹnu ọmọ.

Fún akólòlò, áàpù kan wà tó ń dá ohùn ẹni padà sí etí lẹ́yìn ìdádúró díẹ̀. Ó ń ran àwọn àgbàlagbà kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fi sétí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fún un, kí àwọn tó yí i ká má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu ṣe kókó ju áàpù èyíkéyìí lọ.

Àlọ́ àti ìròyìn

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tó lò nílò ohun tó fẹ́ sọ àti ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Áàpù tó ń sọ fọ́tò àti ohùn di ìwé, bíi Book Creator tàbí Pictello, dára fún èyí ju áàpù ìdáhùn ìbéèrè lọ. Ọmọ ya fọ́tò mẹ́rin nígbà tí wọ́n ń din àkàrà níwájú ilé-ìwé. Ó tò wọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó lè sọ pé “ẹ̀wà” nìkan. Olùkọ́ fi kún un: “wọ́n lọ ẹ̀wà.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, “wọ́n lọ ẹ̀wà, wọ́n pò ó.” Kí olùkọ́ má ṣe pa èyí tó kọ́kọ́ sọ rẹ́. Bí a bá tẹ̀ wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní òpin sáà, òbí yóò fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀.

Àlọ́ Ìjàpá náà wúlò, nítorí pé ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìṣòro, ó ní ìjìyà, ó sì ní ibi tí gbogbo kíláàsì ti ń gbè é. Ọmọ tí kò lè dá pa àlọ́ lè gba iṣẹ́ orin àlọ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, kó máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá kàn. Ó ti wà nínú eré, wọ́n sì ń dúró dè é.

Nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹnu ọmọ

Ohun tí òbí kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rù ni pé bí a bá fún ọmọ ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó yẹ kí a dáhùn ìbẹ̀rù náà pẹ̀lú sùúrù, torí pé ìfẹ́ ọmọ ló bí i. Ní 2006, Diane Millar, Janice Light àti Ralf Schlosser tún gbogbo ìwádìí tó wà lórí ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Nínú ẹni 27 tí ẹ̀rí wọn dúró dáadáa, kò sí ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dín kù, 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ sí i. Ní 2014, Connie Kasari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 61 tó ní ọ́tísíìmù, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò tó nǹkan. Àwọn tí a fi ẹ̀rọ tó ń fọhùn kún ìtọ́jú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ ju àwọn tí a kò fún. Kò pọn dandan kí ọmọ kọ́kọ́ “yege” nínú nǹkan kan kó tó gba ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a dúró di ìgbà tí gbogbo nǹkan mìíràn bá ti kùnà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí a kún ojú tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ nǹkan: ọsàn, bọ́ọ̀lù, ìgbọ̀nsẹ̀, omi. Ọmọ tí orúkọ nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ju kó tọrọ nǹkan lọ. Ọ̀rọ̀ kòṣeémánìí, èyí tó ń wọ inú gbólóhùn gbogbo, ló yẹ kó gba iwájú. Ní Yorùbá, àwọn bíi fẹ́, wá, lọ, gbé, mú, fún, ṣe, sí i, ó tó, dà, ńkọ́, rárá, bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn mí, tèmi, àti èmi náà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kí a má kàn túmọ̀ àtòkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó dá dúró nínú Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ méjì lọ́dọ̀ wa: gbé e wá, mú un lọ. Bí gbé, mú, wá àti lọ bá wà lójú kan náà, ọmọ lè fi bọ́tìnnì mẹ́rin péré sọ ohun púpọ̀.

Ti ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì burú pé ọ̀pọ̀ ń gbàgbé rẹ̀. Áàpù Gẹ̀ẹ́sì kò ya ọ̀rọ̀ tí a ń bá àgbà sọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ. Ọmọ tó bá fi ẹ̀rọ sọ pé “wá” fún ìyá rẹ̀ àgbà yóò jọ ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì “ẹ” ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí “ẹ” wà, kí “ẹ jọ̀ọ́” àti “ẹ ṣé” wà, kí “ẹ káàárọ̀ mà” àti “ẹ káàárọ̀ sà” wà ní ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó wọn. Láàárọ̀ tí ọmọ bá kọ́kọ́ kí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó jáde, àwọn ará ilé tí kò gba ẹ̀rọ náà gbọ́ tẹ́lẹ̀ sábà máa ń yí ọkàn padà.

Ohùn tí a óò gbà sílẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ti olùkọ́. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje yẹ kó fi ohùn ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì lè gbà á sílẹ̀ fún un. Orúkọ rẹ̀, orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àfọwọ́sọ̀yà tí àwọn ọmọdé àdúgbò ń sọ síra wọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Bí bọ́tìnnì bá ti ní ipò, kí ó dúró síbẹ̀. Ọwọ́ ń mọ ọ̀nà bí ahọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà. Ẹni tó ń tún ojú ewé tò lóṣooṣù kó lè lẹ́wà ń gba ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe LAMP Words for Life, áàpù kan tó ń bá ọmọ fọhùn, dá lé èyí gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá ń pọ̀ sí i, àyè tó ṣófo ni kí wọ́n gbà.

Ọmọ kò ní lo ẹ̀rọ náà bí kò bá rí ẹni tó ń lò ó. Lákòókò ìsinmi, olùkọ́ di àkàrà kan mú. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́, ó sì ń tẹ bọ́tìnnì kan tàbí méjì mọ́ ọ̀rọ̀ náà: “O fẹ́ àkàrà?” ó tẹ “fẹ́.” Ó dúró, ó kà á dé mẹ́wàá nínú ara rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó ń wo ojú ọmọ. Ọmọ na ọwọ́. Olùkọ́ kò fà á lọ́wọ́ lọ sórí bọ́tìnnì. Ó tẹ “fẹ́” lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fún un ní àkàrà. Ọmọ jẹ ẹ́, ata ta á, ó ya ojú rẹ̀. Olùkọ́ tètè tẹ “ó ta,” ó ní, “Áà, ó ta!” Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tẹ “ó ta” fúnra rẹ̀, kó sì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju kó tọrọ àkàrà lọ, torí pé ó ti ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìdúró yẹn ló ṣòro jù fún àgbàlagbà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá máa ń gùn lára ẹni.

Àwọn òbí kan ti gba ìmọ̀ràn pé kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀ nílé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè rọrùn fún ọmọ. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Gbígbọ́ èdè méjì kì í dá kún ìṣòro ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń wúwo fún, ọmọ tí a bá sì gba èdè ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lè bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀. Ojú-ewé Yorùbá àti ojú-ewé Gẹ̀ẹ́sì lè wà nínú áàpù kan náà.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun ìṣiré, nítorí náà a kì í fi gbígbà rẹ̀ jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tó bá tẹ “rárá” ní ìgbà ogún ń sọ rárá ni; kí a gbọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ti ọmọ tó ń fẹnu sọ ọ́. Fún ìdí yìí kan náà, ó dára kí tábúlẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ẹnu ọmọ má ní géèmù àti fíìmù kankan nínú. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣeré, kó fi ẹ̀rọ mìíràn ṣe é.

Iná, ọwọ́ ọmọdé àti àṣírí

Iná yóò lọ, tábúlẹ́ẹ̀tì yóò já bọ́, bátìrì yóò kú ní àárín ọ̀sán. Kí a tẹ ojú-ewé àkọ́kọ́ áàpù náà sórí bébà, pẹ̀lú àwòrán kan náà ní ipò kan náà, kí a fi ọ̀rá bò ó, kó sì wà nínú báàgì ọmọ lójoojúmọ́. Bébà náà kò ní fọhùn, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní yadi. Páwà-báǹkì àti àpò rọ́bà tó nípọn jẹ́ dandan. Fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ètò wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú kó má dáhùn àfi bí ìka bá dúró díẹ̀ lójú kan.

iPad ní Guided Access, tó ń há ọmọ mọ́ inú áàpù kan ṣoṣo. Orí Android náà, a lè kan áàpù mọ́lẹ̀ kó má lè jáde. Kí olùkọ́ ṣètò rẹ̀ kí ọmọ tó wọlé, torí pé àríyànjiyàn lórí YouTube lè gba gbogbo ogún ìṣẹ́jú náà.

Ohùn àti àwòrán ọmọ nínú ìtọ́jú jẹ́ àṣírí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kàn án. Kí olùkọ́ gba ìyọ̀ǹda òbí ní kíkọ, kó mọ ibi tí áàpù ń kó ohùn náà lọ, kó sì pa èyí tí kò wúlò mọ́ rẹ́. Fídíò ọmọ tó ń tiraka láti pe orúkọ ara rẹ̀ kò ní nǹkan ṣe lórí WhatsApp àwọn òbí, bí ó ti wù kó dùn mọ́ olùkọ́ nínú tó.

Mímọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́

Áàpù máa ń fúnni ní máàkì, ṣùgbọ́n máàkì inú rẹ̀ ń sọ bí ọmọ ṣe mọ áàpù náà sí ni. Fún ìró, kí olùkọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sọ́tọ̀ tí kò ní fi kọ́ ọmọ rárá. Kó gbọ́ wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún gbọ́ wọn lóṣooṣù láìsí tábúlẹ́ẹ̀tì nítòsí. Bí ọ̀rọ̀ tí a fi dánra wò bá gún tí àwọn mẹ́wàá yìí kò mira, iṣẹ́ kò tíì wọlé. Bí wọ́n bá gún nínú ọ̀rọ̀ ẹyọ, kí ó gbọ́ wọn nínú ọ̀rọ̀ gígùn, kí ó sì bi ìyá ọmọ léèrè ohun tó ń gbọ́ nílé. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró, ọmọ ti kúrò nídìí tábúlẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Fún ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ìdíwọ̀n náà yàtọ̀. Kí olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ọmọ bá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, àti ìdí tó fi sọ ọ́: ó tọrọ, ó kọ̀, ó kí ènìyàn, ó béèrè, ó ròyìn, ó fi ẹnìkan ṣeré. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ títọrọ, tó sì jẹ́ olùkọ́ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ojú-ewé ló yẹ kí a tún wò, kì í ṣe ọmọ. Iye bọ́tìnnì ń pọ̀ sí i bí ó bá ṣe ń dàgbà. Kò sí ọjọ́ tí a ó ní kó fi í sílẹ̀, àfi bí ẹnu ara rẹ̀ bá gbà á ṣe.

Nígbà tí ó bá ń gòkè lọ sí kíláàsì mìíràn tàbí ilé-ìwé girama, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Áàpù tó dára ń jẹ́ kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ojú-ewé àti ohùn inú rẹ̀ sí fáìlì kan. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ òbí, ọ̀kan ní ilé-ìwé, kí a sì tún un ṣe ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan. Kí olùkọ́ tuntun gba ìwé kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀ tó sọ bí ọmọ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àti rárá, ibi tí ìjókòó rẹ̀ yẹ kó wà kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ojú ẹ̀rọ, iye àkókò tó yẹ kí a dúró dè é, àti ojú-ewé tó ń lò jù.